Ọ̀rọ̀ Ọ́ìlì Pupa Inú Píkọ́ọ̀pù Ọkọ Mi

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ilé, Màmá mi. Láti Ayétòrò níbí ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín, orúnkún mi sì wà nílẹ̀ ní tòótọ́, torí orí àpótí aṣọ mi ni mo gbé ìwé lé, a kò tíì ní tábìlì. Mo kí Ẹ̀gbọ́n mi Ràímì tí yóò ka lẹ́tà yìí fún yín. Mo kí àwọn ìyá tó ń gbé ata wá lọ̀ lọ́dọ̀ yín, àti àwọn tó ń dúró de ẹ̀lúbọ́ wọn. Ṣé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ dáadáa? Ṣé ẹsẹ̀ ọ̀tún yín tó máa ń wú ti fúyẹ́ díẹ̀?

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé inú ìwé ìròyìn ni ẹ ti gbọ́ ohùn mi. Mo mọ̀ pé ẹ kì í pa ìwé ìròyìn Yorùbá yìí jẹ, pé Ẹ̀gbọ́n Ràímì ló máa ń kà á sókè níwájú ṣọ́ọ̀bù ìlọta nígbà tí èrò bá ń dúró. Ẹ mọ̀ mí, Bàbá, ojú máa ń tì mí láàárín èrò. Ìwé mẹ́fà ni mo kà mọ kí n tó wá dúró ti ẹ̀rọ lọ́dọ̀ yín, nítorí náà bí ẹ bá rí ibi tí ọwọ́ mi ti wọ́, ẹ forí jì mí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe é sọ lórí fóònù. Orí fóònù ló ti bẹ̀rẹ̀, ohun tó dá sílẹ̀ sì ti kọjá ohun tí fóònù lè kó padà. Ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì yẹn ni, èyí tí mo sọ fún yín pé ó ń fi ọgbọ́n ba mọ́tò ọkọ mi jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tò ó fún yín bó ṣe ṣẹlẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n má fo ibì kan.

Ilẹ̀ ibí dára, Bàbá. Ilẹ̀ pupa ni, ẹ̀gẹ́ máa ń ta nínú rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́. Òjò ti lọ, ọyẹ́ ti dé, ètè mi ti là. Àwọn ará ilé ọkọ mi kò burú sí mi. Ṣùgbọ́n ilé máa ń dá lọ́sàn-án. Gbogbo wọn á ti lọ sóko, á wá ku èmi àti Ìyá Ọkọ mi, oníkálukú lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, a ó máa wo adìyẹ. Ẹ̀rọ ìlọta kan wà lápá ọjà. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ wá láti ibẹ̀ mo máa ń gbọ́ ọ, inú mi á dùn, lẹ́yìn náà inú kan náà á bàjẹ́.

Oṣù kejì tí mo wọlé ọkọ ni ìjọba ti bọ́dà. Kó tó di ìgbà náà, Owódé ni ọkọ mi ti ń fi píkọ́ọ̀pù rẹ̀ kó ẹrù, ọwọ́ rẹ̀ sì ń dí. Nígbà tí wọ́n tì í, ó yí ojú ọkọ̀ sí apá Ìjoun, ó ń kó ẹ̀gẹ́ àti gàrí àwọn àgbẹ̀ wá sí Ayétòrò, nígbà mìíràn a máa dé Ìlaròó. Ọ̀nà náà kò dára, ẹrẹ̀ ni nígbà òjò, eruku ni nísinsìnyí, àwọn sójà àti aṣọ́bodè sì wà lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ á dúró, á rìn díẹ̀, á tún dúró. Ìjoun sún mọ́ ọ̀hún, lẹ́yìn bọ́dà, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan níbẹ̀ fi máa ń kí ọkọ mi ní bọ̀ǹsúà láàárọ̀ kùtùkùtù, tí àwọn tó ń sọ Faransé á fi sọ pé ìkíni alẹ́ ni. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní láti ìgbà tí bọ́dà ti tì, kí ni ìyàtọ̀ àárọ̀ sí alẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ní àkókò yìí gbogbo èèyàn ló ń fura. Bí o bá gbé kẹ́gì kọjá, ojú mẹ́wàá ló ń tẹ̀ lé e. Ẹni tí wọ́n bá gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà á délé, á máa wo aládùúgbò rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, bóyá òun ló lọ tú àṣírí. Àwọn tó ti ń jẹun nínú àwo kan náà tẹ́lẹ̀ ń bára wọn sọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Èmi tí mo jẹ́ àlejò, mo ti kọ́ ìfura kí n tó mọ ọ̀nà odò.

Píkọ́ọ̀pù ọkọ mi kì í ṣe èyí tí awakọ̀ máa ń fi ọwọ́ pààrọ̀ jíà. Ọtomátíìkì ni, òun fúnra rẹ̀ ló ń pààrọ̀ jíà bó bá ti ń sáré. Nígbà tí ẹrù ẹ̀gẹ́ àti ẹrẹ̀ pọ̀ fún un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wọ́nkú-wọ̀nkù. Bí ọkọ mi bá fi í sí jíà ẹ̀yìn, ó máa ń ronú kó tó lọ, lẹ́yìn náà á já lù wá bí ẹni tí wọ́n gbá nípàá. Ọkọ mi gbé e lọ bá mẹkáníìkì rẹ̀, mẹkáníìkì náà fa ọ̀pá gééjì tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì jíà yọ, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní ọ́ìlì jíà ti jóná, pé bí a kò bá pààrọ̀ rẹ̀ jíà náà yóò tẹ̀ lé e.

Mẹkáníìkì yìí, ọmọ àbúrò bàbá ọkọ mi ni. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ, kódà ọmọ tó ń rá kòrò bí wọ́n bá ti bí i kí n tó dé, ọkọ mi ni. Èyí kéré sí mi tó ọdún méjì, ṣùgbọ́n mo ń kúnlẹ̀ kí i. Mo sì fún un lórúkọ bí àṣà, mo ń pè é ní Eyínfúnjowó. Ìdí ni pé ọ́ìlì dúdú máa ń bò ó láti irun dé bàtà, àfi bó bá rẹ́rìn-ín ni èèyàn tó lè mọ̀ pé ojú rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó fẹ́ràn orúkọ náà. Ó ní nínú gbogbo ìyàwó ilé, èmi nìkan ni mo fún òun lórúkọ tó níye lórí, pé èyí tó ṣáájú mi Tínrín-bí-okùn ló ń pe òun.

Ọjọ́rú ni wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì náà. Abẹ́ igi kajú ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, létí ọ̀nà tó lọ sí Ìjoun. Mo gbé láfún àti ọbẹ̀ ilá lọ fún wọn, mo sì jókòó sórí táyà kan. Eyínfúnjowó tọ́ láfún mi wò, ó ní kí ọkọ mi má jẹ ẹ́ tán, pé ó le tó èyí tí òun lè fi dí ihò rédíétọ̀ oníbàárà kan. Ọkọ mi ní kó fi ìyàwó òun sílẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú mi wà lára ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀, pé kí n má wo ẹnu oníṣẹ́.

Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, ọ́ìlì dà sínú bàsíà. Dúdú ni, ó ń rùn bí ẹ̀wà tó jóná. Lẹ́yìn náà ó tú páànù ìsàlẹ̀ pátápátá. Bàbá, ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ẹ̀yin ì bá fẹ́ràn láti rí: irin kékeré kan tó ń fa irin mọ́ra, gbogbo lẹ́búlẹ́bú irin tó fọ́ látinú jíà ti lẹ̀ mọ́ ọn bí irùngbọ̀n. Ó nù ún mọ́, ó pààrọ̀ asẹ́ rẹ̀, ó fọ páànù, ó dè é padà. Ó wọn ọ́ìlì àtijọ́ sínú ike omi, ike mẹ́rin ló kún. Ó ní iye tó jáde yẹn ni òun yóò fi tuntun rọ́pò.

Ibí yìí ni mo ti kọ́kọ́ fura. Inú kẹ́gì yẹ́lò kan ló ti bu tuntun, kẹ́gì náà kò ní bébà lára, ẹnu rẹ̀ sì ti ṣí tẹ́lẹ̀. Pupa ni ọ́ìlì náà, bí epo pupa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún, ṣùgbọ́n ó ṣàn ju epo lọ. Ó ní ọ̀hún ni irú rẹ̀ ti máa ń wá, pé láti ìgbà tí bọ́dà ti tì, ọwọ́ ẹnì kan ní Ìhunbo ni òun ti rí èyí tó ṣẹ́ kù rà. Ó da ike mẹ́rin sínú ọkọ̀. Ó wá ní kí ọkọ mi tan ẹ́ńjìnì, kó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kó máa gbé ọwọ́ jíà láti ibì kan sí ibòmíràn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà. Nígbà tí ẹ́ńjìnì ti gbóná, láìpa á, ó fa gééjì yọ, ó nù ún, ó tì í padà, ó tún fà á yọ, ó wò ó, ó sì tún da ike karùn-ún sí i.

Ike mẹ́rin ló jáde, ike márùn-ún ló wọlé. Mo wo ọkọ mi. Eyínfúnjowó ní àtijọ́ ti dín kù tẹ́lẹ̀ ni. Ó wá gbé ọ́ìlì dúdú náà pamọ́, ó ní káfíńtà kan ń fi í kun igi nítorí ikán. Kí n tó dìde, mo rí i tó fa ọkọ mi sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ọkọ mi sì mi orí lẹ́ẹ̀mejì. Mo bi í lójú ọ̀nà pé kí ni wọ́n sọ. Ó ní ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni.

Ẹ kò nílò kí n sọ fún yín bí mo ṣe sùn.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọkọ mi ní kí n bá òun fọ iwájú ọkọ̀. Mo ṣí ìdérí ẹ́ńjìnì. Ọkọ̀ ti sinmi láti àná, gbogbo irin rẹ̀ tutù. Mo rántí ọ̀rọ̀ yín tí ẹ máa ń sọ fún mi lórí ẹ̀rọ ìlọta, pé ẹ̀rọ tó ń sáré kì í sọ òtítọ́, pé kí n jẹ́ kó sinmi kí n tó bi í léèrè. Mo fa gééjì jíà yọ, mo nù ún, mo tún fà á. Ọ́ìlì pupa náà ti kọjá àmì gan-an. Mo ní, ẹ̀n-ẹ́n, òun nìyí.

Òun ni mo fi pè yín lọ́jọ́ yẹn, tí mo ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn ilé ìdáná. Ẹ ní kí n tún un wò, mo tún un wò. Ẹ ní ọ́ìlì tó bá kọjá àmì yóò bẹ́ rọ́bà ìdí ẹ̀rọ, pé mẹkáníìkì tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ń wá iṣẹ́ ọ̀la sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Ẹ ní kí n bu èyí tó lé kúrò, kí n má sì bá ẹnikẹ́ni jà. N kò dá yín lẹ́bi, Bàbá mi. Èmi ni mo wà níbẹ̀, èmi ni mo ní ojú.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Jímọ̀. Ọkọ mi àti Eyínfúnjowó jọ lọ kírun, Ìyá Ọkọ mi lọ sí ọjà. Níbí, ó ṣòro kí èèyàn wọ ilé kan kó má bá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fa epo bẹntiróòlù. Ìyá arúgbó pàápàá mọ̀ ọ́n lò. Mo mú èyí tó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, mo fọ̀ ọ́, mo tì í sínú ihò gééjì, mo sì fi ẹnu fà á. Mo gbé díẹ̀ mì. Ìtọ́wò rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu mi títí di ọjọ́ Àìkú. Mo fà á títí gééjì fi dé ojú àmì gan-an, ìgò méjì ló kún. Mo fi aṣọ wé ìgò méjèèjì, mo tì wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn àpótí tí Màmá fún mi. Èrò mi ni pé bí ọ̀rọ̀ bá di ariwo, mo ní ẹ̀rí.

Ní Sátidé, ọkọ mi kó ẹrù láti Ìjoun. Kò délé títí a fi kírun Àṣálẹ́. Ó ní nígbà tí òun dé orí òkè kékeré kan, ẹ́ńjìnì ń ké, mọ́tò kò lọ. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, ó dàbí ẹni tó ń pe ẹni tí kò fẹ́ dáhùn. Wọ́n já ẹrù náà sórí ọkọ̀ mìíràn kí òun tó lè rọra wọ́ ọ délé. Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà kò fọwọ́ kan oúnjẹ.

Mo tún yọ gééjì wò láàárọ̀, nígbà tí kò sí ẹni tó ń wò mí. Ó wà lójú àmì, kò lé, kò dín. Nítorí náà mo ní kì í ṣe ìwọ̀n ọ́ìlì ló fà á, ọ́ìlì fúnra rẹ̀ ni. Ayédèrú ni. Ta ló mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn nínú kẹ́gì tí kò ní bébà? Ọkọ mi pe Eyínfúnjowó, fóònù rẹ̀ kò lọ. Wọ́n ní ó ti lọ ṣiṣẹ́ ní Ìhunbo. Mo ní ó ti sá.

Ọjọ́ Ajé, Ìyá Ọkọ mi kò jẹ oúnjẹ mi mọ́. Ó ní ebi kò pa òun. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó tún ní inú òun kún, mo sì rí i tó ń rẹ gàrí lẹ́yìn ilé. Nígbà tí mo kí i, ó dáhùn láìwò mí. Mo ní òun náà mọ̀ sí i, ọmọ wọn ni Eyínfúnjowó, èmi ni àlejò. Ní Ọjọ́rú, ọkùnrin kan wá láti Owódé, ó ní òun gbọ́ pé ọkọ mi fẹ́ ta píkọ́ọ̀pù. Ó yí i ká, ó ní jíà rẹ̀ ti kú, pé irin lásán ni òun ń rà. Mo bi í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pé ta ló rán an. Ó dárúkọ mẹkáníìkì wa.

Bàbá, kí lẹ ó wí? Gbogbo rẹ̀ ti dúró sójú kan fún mi. Ó fi ọ́ìlì burúkú ba jíà jẹ́, ó sá lọ, ó wá rán ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti rà á ní owó irin. Bí píkọ́ọ̀pù yẹn bá sì lọ, kò sí ohun tí ọkọ mi fẹ́ fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe ní ilẹ̀ tí bọ́dà ti tì yìí. Èmi ìyàwó tuntun, ta ni mo fẹ́ lọ sọ fún pé ọkọ mi kan ń jí mọ́tò ọkọ mi kejì? Ẹ̀yin nìkan ni mo lè pè. Mo sunkún, mo sọ ọ́ bó ṣe rí lójú mi, mo dárúkọ rẹ̀ gangan, mo júwe ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ẹ̀yin náà bínú nítorí mi. Mo mọ bí ìfẹ́ yín ṣe rí. Ẹ sọ ọ́ níwájú ẹ̀rọ, pé ẹ̀ ń fi sí etí àwọn awakọ̀ kí wọ́n má lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan lábẹ́ igi kajú ní Ayétòrò. Awakọ̀ kan tó wá lọ ata ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì máa ń gba Ayétòrò kọjá. Kí ó tó di Sátidé, ọ̀rọ̀ ti dé gáréèjì níbí, ó sì ti ní ìyẹ́. Wọ́n ní ó ti ba mọ́tò márùn-ún jẹ́. Ẹni méjì wọ́ ọkọ̀ wọn kúrò lábẹ́ igi kajú, ọ̀kan nínú wọn ẹni tó bá a kọ́ṣẹ́ ni.

Ọjọ́ Àìkú láàárọ̀ ni Eyínfúnjowó wọ ilé wa. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun gbọ́ ní gáréèjì pé olè ni òun, kí ọkọ mi tan ọkọ̀. Ọkọ mi ní kó jókòó ná. Ó ní òun kò jókòó sí ibi tí wọ́n ti ń pe òun lólè. Ọkọ mi tan ọkọ̀. Wọ́n jẹ́ kó gbóná, wọ́n gbé ọwọ́ jíà káàkiri. Nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì ń ṣiṣẹ́, ó fa gééjì yọ, ó nù ún, ó tún fà á. Ṣóńṣó gééjì nìkan ló kan ọ́ìlì. Ọ́ìlì kò dé ìdajì ibi tó yẹ.

Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu páànù, ó fi nu ilẹ̀. Gbogbo rẹ̀ gbẹ. Ó jáde, ó ní òun fi í sílẹ̀ lójú àmì nígbà tó gbóná, kò jò, nítorí náà ẹnì kan ló fà á. Ọkọ mi ní ta ló fẹ́ fa ọ́ìlì jíà, kí ni wọ́n fẹ́ fi sè? Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Mo gbójú sókè, mo rí i pé Ìyá Ọkọ mi ń wò mí. Ó ń wò mí bí ẹni tó ti mọ nǹkan kan tó sì ń dúró. Ojú yẹn ló gbé mi dìde. Mo wọ yàrá, mo fa ìgò méjèèjì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo tú aṣọ ara wọn, mo gbé wọn síwájú Eyínfúnjowó, mo sì kúnlẹ̀. Mo ní èmi ni. Mo ní mo rí i pé ó lé, mo ní mo fẹ́ gba mọ́tò náà là.

Ìyá Ọkọ mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó bi mí pé ṣé ohun tó wà nínú ìgò yẹn nìyẹn. Ó ní òun wọlé wá mú ìgbálẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, òun rí ohun pupa tí wọ́n fi aṣọ wé lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òun sì rò pé ẹ̀jẹ̀ ni, pé nǹkan kan ni ìyàwó ń ṣe sí ọmọ òun tàbí sí òun. Ó ní òun ti ń fi gàrí rírẹ gbé ọ̀sẹ̀ nítorí ọ́ìlì mọ́tò. Ó jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Gbogbo ìgbà tí mò ń fura sí i, èmi lòun náà ń fura sí.

Ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ fún òun. Mo bi í padà, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo bi í ní ìbéèrè láàárín èèyàn, pé kí ni ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tó sọ lábẹ́ igi kajú. Ó wo ilẹ̀. Ó ní òun fúnra òun ló bẹ Eyínfúnjowó pé kó bá òun wá ẹni tí yóò ra píkọ́ọ̀pù, torí ẹrù Ìjoun kò tó nǹkan, ojú sì ń ti òun láti sọ fún ìyàwó tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà nílé. Ọkùnrin Owódé yẹn, òun ni wọ́n ń dúró dè. Eyínfúnjowó kò mọ̀ pé ọkọ̀ kò lè gun òkè mọ́ kí ó tó rán an wá.

Eyínfúnjowó kò bá mi jà. Ó ṣí ìgò kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ó lé. Mo sọ fún un pé ọmọ ẹlẹ́rọ ìlọta ni mí, pé bàbá mi kọ́ mi pé kí ẹ̀rọ sinmi kí a tó wọn ọ́ìlì rẹ̀. Ó mi orí. Ó ní òótọ́ ni fún ẹ̀rọ yẹn, fún ọ́ìlì ẹ́ńjìnì náà òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n jíà ọtomátíìkì, nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ ó máa ń gbé ọ́ìlì sókè sínú ara rẹ̀ láti fi ti mọ́tò; bí wọ́n bá pa á, ọ́ìlì náà á ṣàn padà sílẹ̀, gééjì á wá fi hàn pé ó lé. Ó ní èyí tí mo rò pé ó lé yẹn gan-an ni èyí tó ń gbé ọkọ̀ gun òkè.

Ó sẹ́ ọ́ìlì náà gba asẹ́ mímọ́, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní ẹni tó fà á ni kó dá a padà. Ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, ooru ń lù mí lójú, mo ń dà á díẹ̀díẹ̀, òun ń sọ fún mi ìgbà tí mo ní láti dúró. Ó ní kí n fa gééjì fúnra mi. Ó dé ojú àmì. Ọkọ mi gbé e sí jíà ẹ̀yìn, ọkọ̀ náà lọ láìronú. Láti ọjọ́ yẹn ó ti gun òkè Ìjoun lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú ẹrù. Ọkùnrin Owódé tún wá, ọkọ mi sì sọ fún un pé irin òun ti jí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Eyínfúnjowó ń kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó ní òun ti dárí jì mí níwájú Ọlọ́run, pé gáréèjì ni kò tíì dárí ji òun. Ó ní ibi tí ọ̀rọ̀ ti jáde ni kó ti padà. Mo lọ sí gáréèjì lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú Ìyá Ọkọ mi, ó di ọwọ́ mi mú, mo sì sọ ọ́ fún àwọn awakọ̀ pé èmi ni mo ṣì í. Àwọn kan gbà. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ náà ti ọ̀nà jíjìn wá, láti ẹnu bàbá àgbà kan tó mọ ẹ̀rọ, pé kí ni ìyàwó kékeré fẹ́ sọ.

Bàbá mi, ohun tí mo fi kọ lẹ́tà yìí síta nìyẹn. Àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu yín kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n Ràímì kà á sókè ní ọjọ́ tí èrò bá pọ̀. Bí ariwo ẹ̀rọ bá pọ̀, ẹ pa á ná. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin fúnra yín fi ẹnu yín sọ pé ọmọ yín ló ṣì í, pé mẹkáníìkì abẹ́ igi kajú mọ iṣẹ́ rẹ̀, kò sì jalè. Mo mọ̀ pé ó nira fún àgbà láti kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà níwájú oníbàárà. Bó bá jẹ́ pé mo lè ṣe é nípò yín, mi ò ní rán yín.

N kò tíì ní owó láti fi ránṣẹ́. Gàrí Ìjoun ni ẹ ó rí gbà, ó dùn, ó kan díẹ̀. Ìyá Ọkọ mi ló bá mi dì í, ó sì ti ń jẹ oúnjẹ mi, ó kàn ń kọ́kọ́ béèrè àwọ̀ ọbẹ̀ náà láti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Ẹ̀rọ yín kò ní dákẹ́ lójijì, ẹsẹ̀ yín á gbé yín. Màmá mi, ojú yín kò ní rí ibi ọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ kí àwọn aládùúgbò wa lápá òkè àti lápá ìsàlẹ̀, ẹ kí awakọ̀ yẹn náà bó bá tún wá lọ ata, n kò bá a ṣọ̀tá. Lánàá mo gbé láfún lọ sí abẹ́ igi kajú. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Eyínfúnjowó gbà á lọ́wọ́ mi, ó dúpẹ́, ó jẹ ẹ́ tán láìsọ pé ó le. Orúkọ tí mo fún un ṣì wà lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n n kò tíì tún rí eyín náà.

Èmi ni ọmọ yín tó ń retí ohùn yín,
Rìsíkátù